Ọwọ́ Ta ni Ó Kan Bọ́ọ̀lù? Ìjìnnà Ọkàn àti Ìdájọ́ Ìwà Nínú Eré Ìdíje

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró síwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí eré bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ọkàn ènìyàn wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwọn, àwọn tí ó mọ̀ nípa eré ìdárayá náà sì wà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo gbé wá, ìbéèrè lítíréṣọ̀ ni: ibo ni ẹni tí ń sọ ìtàn dúró sí, ibo sì ni ẹni tí ń gbọ́ ọ jókòó sí, nígbà tí wọ́n jọ pinnu pé ẹnì kan jẹ̀bi tàbí pé ó jàre?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Nígbà tí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá dé ilẹ̀ yìí, ilé ayò ni èdè Yorùbá mú un wọ̀. Ẹ tẹ́tí sí àwọn tí ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò: wọn a ní ikọ̀ kan fi ayò méjì sí ẹyọ kan na ikọ̀ kejì, bí apá ẹnikẹ́ni kò bá ká ẹnì kejì, wọn a ní wọ́n ta ọ̀mì. Ìdí ọpọ́n ni a ti yá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Mo ka èyí sí ohun pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ọ̀ta, ọ̀pẹ, àti òǹwòran. Ọ̀ta ń wo ọmọ ayò tí yóò jẹ. Ọ̀pẹ ń wo ihò tí ń jò. Òǹwòran tí kò ní ọmọ ayò kankan lọ́wọ́ ni ó ń rí ihò méjèèjìlá tán, òun náà ni ó sì ń pariwo jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òǹwòran yìí ni ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ láyò, ojú rẹ̀ kò ní í ká ọpọ́n náà mọ́. Ihò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni yóò máa wò, ọ̀ta yóò sì dàbí olè lójú rẹ̀.

Àlàfo tí ó wà láàárín òǹwòran méjì yìí, ọ̀kan tí kò ní ẹnikẹ́ni nídìí ọpọ́n àti ọ̀kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ni mo ń pè ní ìjìnnà ọkàn. Ìrìn máìlì kọ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àwa fúnra wa máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, pé òmíràn kò kàn wá, pé ọ̀kan wọ̀ wá lára, pé òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá. Àwọn onímọ̀ ọkàn ènìyàn méjì, Yaacov Trope àti Nira Liberman, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n kó èrò wọn jọ sínú àpilẹ̀kọ kan ní 2010. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́rin ni nǹkan fi ń jìnnà sí ọkàn: ó lè jìnnà ní àkókò, ó lè jìnnà ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó lè jẹ́ ti ẹni tí kì í ṣe ará wa, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ rárá. Bí nǹkan bá jìnnà, ìlànà rẹ̀ ni a máa ń rí: ó tọ́, tàbí kò tọ́. Bí ó bá súnmọ́ wa, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni a máa ń rí: ìṣẹ́jú tí ó kù, ariwo èrò, òógùn ojú ẹni tí ó ṣe é, ohun tí onítọ̀hún ì bá pàdánù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé n óò padà bá àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí jiyàn díẹ̀.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju tiwọn lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1951, yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, Princeton àti Dartmouth, pàdé nínú irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá. Eré náà le koko. Wọ́n fọ́ imú Dick Kazmaier, akọni Princeton. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ Dartmouth kan náà fi kán. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkò ọ̀rọ̀. Albert Hastorf tí ó wà ní Dartmouth àti Hadley Cantril tí ó wà ní Princeton mú fíìmù eré náà, wọ́n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n ṣàmì sí gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá rú òfin. Àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1954. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ Dartmouth tí àwọn ọmọ Princeton kà ju ìlọ́po méjì èyí tí àwọn ọmọ Dartmouth kà lọ. Ohun tí ó wù mí nínú ìtumọ̀ tí àwọn méjèèjì fún un ni pé wọn kò sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ohun kan náà tán kí wọ́n tó wá yapa nínú ìdájọ́. Wọ́n ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí láàárín àwọn àgbà tí tọkọtaya ń ro ẹjọ́ ìjà kan náà fún yóò mọ̀ pé kì í ṣe ní Amẹ́ríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà wa ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé adájọ́ jókòó sí àárín. Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì bí adájọ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Princeton?

Ọwọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ọwọ́ mẹ́ta tí ó kan bọ́ọ̀lù níbi tí òfin ti ní kí ọwọ́ má kàn án.

Ọwọ́ kìn-ín-ní ni ti Diego Maradona. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1986, ní pápá Azteca ní ìlú Mexico, Argentina àti Ẹ̀ńgílándì pàdé nígbà tí ó ku ikọ̀ mẹ́jọ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Ní ìṣẹ́jú 51, bọ́ọ̀lù kan ga sókè níwájú ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ́lé wọn, Peter Shilton, jáde láti gbá a dànù. Maradona, ọkùnrin kúkúrú, fò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì ni ó fi tì í sínú àwọ̀n. Rẹfirí, Ali Bennaceur ará Tunisia, kò rí ọwọ́ náà, ó sì gbà pé ayò wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ọkùnrin kan náà gba bọ́ọ̀lù ní ìdajì pápá tiwọn, ó gé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ré aṣọ́lé pàápàá kọjá. Àwọn tí FIFA ní kí wọ́n dìbò lórí ẹ̀rọ ayélujára ní 2002 yan èyí ní ayò tí ó dára jù ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Argentina borí pẹ̀lú ayò 2 sí 1. Nígbà tí wọ́n bi Maradona nípa ayò àkọ́kọ́, ó dáhùn pé orí òun àti ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n jọ ṣe é.

Ọdún mẹ́rin péré ni ó ti kọjá nígbà náà lẹ́yìn ogun erékùṣù Malvinas, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Falkland. Ọmọ ogun Argentina 649 ni ó bá ogun náà lọ ní 1982. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 255. Lójú ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin eré kéré sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Azteca. Maradona fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2000 pé ó dàbí ẹni pé orílẹ̀-èdè kan ni àwọn ṣẹ́gun, pé ó ju ikọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ní Ẹ̀ńgílándì, olè ni olè ń jẹ́.

Àwa ńkọ́? Àwa tí a kò bí ní Argentina, tí a kò sì bí ní Ẹ̀ńgílándì, báwo ni a ṣe ń sọ ìtàn náà? Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni. Títí di òní, n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní àwùjọ wa fi ìbínú sọ ọ́. Mo rò pé ìdí rẹ̀ pé méjì. Èkínní hàn sí gbogbo ènìyàn: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe ìjọba lórí wa títí di 1960, inú ọmọ-ọ̀dọ̀ àtijọ́ kì í bàjẹ́ bí ẹnì kan bá yọ ọ̀gá rẹ̀ lówó nínú àpò. Èkejì ni ó kan iṣẹ́ tèmi. A ti mọ Maradona tipẹ́ kí a tó rí i: ọmọ Ìjàpá ni. Ó kúrú, ó gbọ́n ẹ̀wẹ́, ó fi ọgbọ́n bo àìlágbára mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í wá ohun tí yóò sọ tì. Àwọn ará Argentina pàápàá ní orúkọ fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, viveza criolla ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi í yangàn bí wọ́n ti ń fi í ráhùn.

Ẹ wo ohun tí a máa ń ṣe kí a tó pàlọ́. Apàlọ́ á ké, àwọn ọmọdé á dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ pé láti pe àkíyèsí àwọn ọmọdé ni. Èmi gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ni. Bí a bá ti gba ibẹ̀ kọjá, a ti dé ilẹ̀ tí ìlú kò sí, tí orúkọ ọba kò sí, tí ẹni tí wọ́n jí iṣu rẹ̀ kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìjìnnà yìí ni ó ń jẹ́ kí a lè rẹ́rìn-ín sí olè. Bí Ìjàpá bá jí iṣu nínú àlọ́, a ń pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ aládùúgbò bá wu ẹyọ iṣu kan lóko wa, a ń pe ọlọ́pàá. Ìwà kan náà ni, àlàfo ni ó yàtọ̀. Àlọ́ kì í sì í fi Ìjàpá sílẹ̀ láìjìyà nígbà gbogbo: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtìjú ń bá a ní ìparí. Ti Maradona kò rí bẹ́ẹ̀. Ife ẹ̀yẹ ni ó gbé lọ sílé.

Àkókò náà sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2015, Maradona lọ kí Bennaceur nílé rẹ̀ ní Tunisia, ó fún un ní aṣọ Argentina, wọ́n dì mọ́ra. Maradona kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ta aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ náà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ju mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn lọ. Ọwọ́ Steve Hodge, ọmọ ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣèèṣì gbé bọ́ọ̀lù náà sókè fún Maradona, ni aṣọ ti wá. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ta bọ́ọ̀lù tí rẹfirí ti gbé pamọ́ ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ó sọ ohun ẹ̀sùn di ohun ìṣúra. Ó wá yẹ kí a béèrè pé bí aṣọ olè bá di ohun tí ẹni tí wọ́n jà lólè ń tọ́jú, kí ni ó ṣẹ́ kù nínú ẹjọ́ náà?

Ọwọ́ kejì kò ní í gba àkókò wa púpọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ní Saint-Denis, Thierry Henry fi ọwọ́ dá bọ́ọ̀lù dúró kí ó tó gbé e fún William Gallas, Gallas sì gbá a wọlé. France lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, Ireland jókòó sílé. Henry jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọwọ́ òun kàn án, ṣùgbọ́n ó ní òun kọ́ ni rẹfirí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó ní ohun tí ó tọ́ jù ni kí wọ́n tún eré náà gbá. Wọn kò tún un gbá. Ní 2015 ni FIFA ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn ti fún àjọ bọ́ọ̀lù Ireland ní ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 5 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Ní ti wa, ìròyìn òkèèrè ni. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó mú un wá sí ìrántí yín, èyí náà sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ọwọ́ kẹta ni ó dùn wá. Ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2010, ní Johannesburg. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Áfíríkà yóò gbàlejò ìdíje náà. Ghana nìkan ni ó kù nínú àwọn ikọ̀ Áfíríkà, kò sì tí ì sí ikọ̀ Áfíríkà kan tí ó dé ipò ikọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn rí, ohun tí ó di 2022 kí Morocco tó ṣe. Ghana àti Uruguay gbá ọ̀mì, ayò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àkókò kún un, ó ku ìṣẹ́jú àáyá. Dominic Adiyiah fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó ń lọ sínú àwọ̀n. Luis Suárez tí ó dúró lórí ìlà na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá a padà bí aṣọ́lé. Wọ́n fún un ní káàdì pupa, wọ́n fún Ghana ní pẹnáritì. Asamoah Gyan gbá a lu igi òkè. Suárez tí ó ń sunkún lọ sínú ihò ilé padà bojú wẹ̀yìn, ó fò sókè. Nígbà tí wọ́n wá gba pẹnáritì fún ara wọn, Uruguay borí, 4 sí 2. Láti Accra títí dé ibí yìí, ilé ọ̀fọ̀ ni a wà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi òmìnira sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ òfin ni a fi ń dá ẹjọ́, Suárez jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: wọ́n lé e jáde, wọ́n fún àwọn tí ó ṣẹ̀ ní ohun tí òfin ní kí a fún wọn. Maradona kò san kọ́bọ̀. Suárez ṣe tirẹ̀ ní gbangba, níwájú rẹfirí. Maradona fi tirẹ̀ pamọ́, ó tún fi orúkọ Ọlọ́run bò ó. Síbẹ̀, Maradona ni àwa ń rẹ́rìn-ín sí, Suárez ni a ń fi ré. N kò sọ pé kí ó má dùn wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin kọ́ ni ó dá ẹjọ́ tí a dá. Ní Montevideo, ọkùnrin tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ fún ilé bàbá rẹ̀ ni Suárez. Bí ọmọ Nàìjíríà bá wà lórí ìlà náà ní ìṣẹ́jú 120, tí ó na ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ì bá pè é? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn sókè.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2022, Ghana àti Uruguay tún pàdé ní Qatar. Àwọn oníròyìn bi Suárez bóyá yóò tọrọ àforíjì; ó ní òun kò ní í tọrọ, òun kọ́ ni òun gbá pẹnáritì náà ṣòfò. Uruguay borí pẹ̀lú ayò 2 sí òdo, ṣùgbọ́n èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ń lọ lọ́wọ́ lórí pápá mìíràn lé wọn padà sílé pẹ̀lú Ghana. Suárez sunkún lórí àga. Àwọn alátìlẹ́yìn Ghana tí wọ́n ti pàdánù tiwọn wá ń yọ̀ nítorí ẹkún ọkùnrin kan. Ọdún méjìlá kò mú ọ̀rọ̀ náà jìnnà rárá.

Èyí ni ó gbé mi padà sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ní 2008, Tal Eyal pẹ̀lú Liberman àti Trope kéde pé bí ìwà búburú bá ti jìnnà sí wa ní àkókò ni ìdájọ́ wa ń le sí i, nítorí pé ìlànà nìkan ni ojú wa ń rí. Ní 2012, Han Gong àti Douglas Medin tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe. Òdìkejì ni wọ́n bá pàdé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tí ì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, èmi kọ́ ni n óò sì yanjú rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ọwọ́ mẹ́ta yìí, ó hàn sí mi pé okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ méjì. Wọ́n ń wọn bí ìṣẹ̀lẹ̀ ti jìnnà tó sí ẹni tí ń dájọ́. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn méjì ni ó wà ńbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ìjìnnà wa sí ọ̀kan kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú ìjìnnà wa sí èkejì. Bí ẹni tí ó ṣe é bá súnmọ́ wa ju ẹni tí wọ́n ṣe é sí lọ, ẹ̀rín ni, tàbí àwáwí. Bí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá súnmọ́ wa jù, èpè ni. Àkókò lásán kì í wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wẹ Maradona mọ́ nítorí pé Shilton ni ó ń bá a lọ jìnnà sí wa. Kò wẹ Suárez mọ́, nítorí pé Gyan kò jìnnà.

Àwọn akọ̀wé ti mọ èyí tipẹ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń ro ìtàn ara rẹ̀ fún akọ̀wé. Òun ni ó gbé ìbọn wọ inú igbó àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Àgbákò wọ̀yá ìjà, kò sí òǹkàwé kan tí í béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ká ta ni mọ́lé. Ẹnu ẹni tí ó súnmọ́ wa ni a ti gbọ́ ọ. Bí Fágúnwà bá ti gbé gègé fún Àgbákò, ìwé mìíràn ni à bá máa kà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Rẹfirí ni ẹni tí a ń sanwó fún kí ó lè jìnnà sí ẹni méjèèjì bákan náà. Ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní 2002, Alan Nevill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan han 40 rẹfirí; àwọn kan gbọ́ ariwo èrò, àwọn kan wò ó láìsí ohùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn tí ó gbọ́ ariwo kà sí onílé lọ́rùn fi bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ọjà ń wọ etí ẹni tí ń ná ọjà. Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ ni yóò gbà wá, a sì ti ń lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò fídíò ní ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé láti 2018. N kò bá wọn jà. Àmọ́ Eugene Caruso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2016 pé bí a bá fa àwòrán ìwà ipá kan lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tí ń wò ó á gbà pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ju ìgbà tí wọ́n bá wò ó bí ó ti yára tó. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí a nà gùn ń fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ní àkókò ìrònú tí kò ní lórí pápá.

Ó ku tiwa. Gbogbo wa ni a lè ka ìtàn ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000 lórí ìka: pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà àti Cameroon, ọ̀mì 2 sí 2, pẹnáritì. Ti Victor Ikpeba lu igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó padà jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Àwòrán fi hàn pé ó wọlé. Cameroon gbé ife lọ, 4 sí 3. A ń sọ ọ́ títí di òní bí ẹni pé àná ni, kò sì sí èyí tí ó burú níbẹ̀. Òtítọ́ ni a ń sọ. Mo kàn ń fẹ́ kí a fi ìrántí tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ ìrántí mìíràn tí kì í pẹ́ lẹ́nu wa.

Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ní ìdíje Òlíḿpíìkì 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tí ó yẹ kí ó wá sí ilẹ̀ wa bọ́ sọ́wọ́ Portugal. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí a gbàlejò ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Egungun ọmọdé ní àlàfo kan níbi tí ó ti ń gùn. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni àlàfo náà ń dí, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kí ó dí tán kí ènìyàn tó kọjá ọdún 17. Egungun kì í ka ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan nínú àwọn tiwa kúrò nínú ikọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa ti fún un lórúkọ: ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, kí ó lè yàtọ̀ sí ọjọ́ orí tí ìyá ẹni mọ̀. Orúkọ náà ń pa ni lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ni mo sì fẹ́ kí a fi okùn méjèèjì wọ̀n. Ẹni tí ó ṣe é súnmọ́ wa: ọmọ aláìní ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ ìdílé rẹ̀, ẹni tí ó yí ìwé rẹ̀ padà náà sọ pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí ńkọ́? Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí a nà ni a máa ń kọ́kọ́ rò, wọ́n sì jìnnà. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò nílé rárá, ọmọ kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lóòótọ́, tí ó wá sí ibi ìdánwò, tí wọ́n ní kí ó máa lọ nítorí pé ẹni tí ó dúró tì í ga jù ú, ó sì lágbára jù ú. Ọmọ wa ni òun náà. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Kò jìnnà sí wa ní ibi, kò jìnnà ní ìbátan. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀. Gyan sunkún níwájú gbogbo ayé. Ti Ikpeba, a lè fà á lọ díẹ̀díẹ̀ kí a tún un wò. Ti ọmọ yìí kò sí nínú fíìmù kankan, nítorí pé kò dé orí pápá.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ìtàn àròsọ lọ́dọ̀ mi pé bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò sọ ìtàn, kí wọ́n wá a síbi tí kò sí ẹni tí ń wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kọ ti ọmọ yìí, kí ó má bẹ̀rẹ̀ lórí pápá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Kí ó jẹ́ kí a mọ iye tí ọmọ náà fi wọ ọkọ̀ wá, ẹni tí ó yá a ní bàtà, àti ohun tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó padà délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.